Ẹsẹ̀ Wa Kò Gbọdọ̀ Wọ Omi

Wọ́n ti dáná sun àwọn kùkùté náà. Mo dúró nínú igbó kánsù lẹ́yìn Àgọ́-Ìwòyè, mo ń wo eérú. Gbogbo ohun tí mo gbójú lé láti fi gba Hezekiah sílẹ̀, ara àwọn kùkùté yẹn ló wà. Wọ́n ti jó di èédú.

Ẹ jẹ́ kí n là á yé yín, nítorí ẹni tí kò bá ṣiṣẹ́ gẹdú kò ní mọ ìdí tí kùkùté fi lè pa àgbàlagbà lẹ́kún. Igi kan kì í kúrò nínú igbó kánsù láìjẹ́ pé ẹ̀ṣọ́ igbó fi òòlù kánsù lù ú. Àwòrán ọ̀pẹ kan wà lórí òòlù náà. Ẹ̀ṣọ́ á lù ú sí ojú gẹdú, níbi tí ayùn gbà kọjá, á tún lù ú sí kùkùté tó kù nílẹ̀. Gẹdú tó bá ní ọ̀pẹ lójú, ọmọ ilé ire ni. Èyí tí kò bá ní, ọjà olè ni. Òfin tuntun tí wọ́n ṣe ní Ìbàdàn ló gbé òòlù yẹn lé wa lọ́wọ́, pé kí kánsù kọ̀ọ̀kan máa ṣọ́ igbó tirẹ̀, kó sì fi èrè rẹ̀ tún ìlú ṣe. Ilé ìgbẹ̀bí tí ẹ ń rí ní Atikori, igi ló kọ́ ọ.

Hezekiah ni ẹ̀ṣọ́ tí òòlù wà lọ́wọ́ rẹ̀. Òun ló fẹ́ àbúrò mi, Hannah, tó wà nínú oyún báyìí. Aládùúrà ni wọ́n, ẹ sì mọ̀ pé àwọn Aládùúrà kì í wọ bàtà wọ ilé àdúrà. Lọ́jọ́ Ìsinmi kan ní Òrù, ó bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà, ó gbé àpò òòlù tì í, nítorí wòlíì wọn kò fẹ́ irinṣẹ́ nínú ilé Olúwa. Nígbà tó jáde, bàtà wà, àpò wà, òòlù ti fò lọ. Láàárọ̀ Mọ́ńdè ó sáré lọ sọ fún akọ̀wé kánsù. Akọ̀wé wò ó láti òkè délẹ̀.

"Olè wo ló máa fi bàtà tuntun sílẹ̀ kó wá jí òòlù?" Ó ní kí á tì í mọ́lé.

A tì í mọ́lé lóòótọ́. Èmi Kọ́pùrù Láńre, ọlọ́pàá ìbílẹ̀ Ìjẹ̀bú-Igbó, ni mo fi ọwọ́ ara mi ti ilẹ̀kùn mọ́ ọkọ àbúrò mi, láti Mọ́ńdè yẹn kò sì tíì jáde. Lẹ́yìn rẹ̀ la gbọ́ pé ìdì gẹdú ńlá kan wà lójú omi ní Ìbíadé, tí ọ̀pẹ wa wà lójú rẹ̀, tí ẹnikẹ́ni ní kánsù kò sì mọ̀ nípa rẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Ernest Olúsànyà onígẹdú ló ni ín. Ó ní Hezekiah ló lù ú fún òun nínú igbó, kí ọ̀rọ̀ òòlù tó sọnù tó bẹ̀rẹ̀, pé ẹ̀gúnjẹ ló gbà, ó sì ń purọ́ olè láti bo ara rẹ̀. Kò tán síbẹ̀. Ó ránṣẹ́ sí àwọn ọlọ́pàá ìjọba àpapọ̀ ní Èkó pé kí wọ́n wá mú ọ̀daràn náà, kí wọ́n sì dáàbò bo ẹrù òun lọ́wọ́ kánsù. Láńṣì, ọkọ̀ ojú omi wọn, ń bọ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn gan-an.

"Ọ̀gá, ó ti parí," mo sọ fún Ìnsípẹ́kítọ̀ Adéfọlá.

Ọ̀gá mi yìí, ọkùnrin kúkúrú ni, ọmọ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì, kì í pariwo, kì í kánjú. Bó bá ń ronú, á bu gààrí gbígbẹ láti inú agolo kan tó máa ń gbé kiri, á máa jẹ ẹ́ rúmúrúmú bí ewúrẹ́. Gààrí náà kan tó bẹ́ẹ̀ tí òórùn rẹ̀ ń ta mí nímú.

"Kí ló parí?" ó bi mí.

"Kùkùté ti jó. A ò lè mọ èyí tí wọ́n lù àti èyí tí wọn ò lù."

"Ta ló máa ń sun kùkùté?"

"Àgbẹ̀ tó fẹ́ ro oko."

"Oko dà níhìn-ín? Wo koríko tó yí i ká, ó tutù yọ̀yọ̀. Kùkùté nìkan ló jó." Ó tún bu gààrí. "Bí ọ̀pẹ bá wà lára wọn, Olúsànyà ni ì bá máa ṣọ́ wọn bí ẹni ṣọ́ ẹyin. Ẹ̀rí rẹ̀ ni wọ́n jẹ́ nígbà náà. Ta ló ń dáná sun ẹ̀rí ara rẹ̀?"

Ara mi yá gágá. "Ẹ ti mú un nìyẹn, sà!"

"Mi ò mú ẹnikẹ́ni. Á ní òun kọ́ ni òun sun ún, bóyá ọdẹ ló dáná. Mo mọ̀ ọ́n lólè, Láńre, ṣùgbọ́n èyí tí mo mọ̀ nínú mi kò tó gbé dé iwájú adájọ́." Ó dé agolo rẹ̀. "Lọ gbé Hezekiah sínú ọkọ̀. Ìbíadé yá."

* * *

Hezekiah jókòó sẹ́yìn ọkọ̀ pẹ̀lú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ lọ́wọ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ lásán, nítorí akọ̀wé ti gba bàtà náà gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí. Bí ọkọ̀ bá ti bọ́ sí kòtò, á sọ "Jésù." Nígbà tó ṣe, ó ní, "Bọ̀ọ̀dá Láńre."

"Kí ló dé?"

"Bí wọ́n bá gbé mi dé Èkó, ta ló mọ igi ọ̀pẹ̀pẹ̀ yàtọ̀ sí igi arère níbẹ̀? Ta ni mo fẹ́ máa ṣàlàyé igbó fún?"

"Gbẹ́nu ẹ dákẹ́. Ẹnikẹ́ni ò gbé ẹ lọ Èkó."

"Bí Hannah bá bímọ kí n tó dé, kí ẹ sọ ọmọ náà ní..."

"Mo ní dákẹ́!" Mo jágbe mọ́ ọn, kì í ṣe nítorí pé mo bínú. Ẹ̀rù ló ń bà mí. Òru àná ni Hannah di ẹsẹ̀ mi mú, tó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ọlọ́pàá ni yín, ẹ ṣe nǹkan." Kí ni kọ́pùrù ìbílẹ̀ lè ṣe fún láńṣì ìjọba àpapọ̀? Ìjọba wa pin sí etí omi. Bí Hezekiah bá ti gbé ẹsẹ̀ sínú láńṣì yẹn, a ò tún lẹ́nu nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀ mọ́.

Ọ̀gá mi jókòó níwájú, ó ń jẹ gààrí. Inú bí mi sí i gidigidi.

* * *

Èbúté Ìbíadé ń gbóòórùn ẹja yíyan. Ìdì gẹdú Olúsànyà wà níbẹ̀, kò jìnnà sí etí omi ju kí èèyàn sọ àgbọn bà á lọ, ojú àwọn igi náà sì kọ sí wa. Arère ló léfòó lókè, nítorí igi fífúyẹ́ ni. Ọ̀pẹ̀pẹ̀ wúwo, kì í léfòó, nítorí náà àwọn onígẹdú máa ń so ó mọ́ abẹ́ arère kó lè gbé e. Orí igi wọ̀nyí ni wọ́n kọ́ àtíbàbà kékeré sí, abẹ́ rẹ̀ ni Olúsànyà jókòó sí lórí àga, nínú agbádá funfun, tó ń fẹ́ abẹ̀bẹ̀ sí ara.

Mo ti gbé ẹsẹ̀ kan sínú ọkọ̀ kékeré kan tó wà létí omi nígbà tó ké sí mi.

"Ibẹ̀ yẹn ni kó o dúró, ìwọ ọmọ yìí! Ilẹ̀ ni ti kánsù, omi ni ti ìjọba àpapọ̀. Ẹsẹ̀ yín kò gbọdọ̀ wọ omi!"

Mo fẹ́ wọ̀ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ọ̀gá mi fa bẹ́líìtì mi láti ẹ̀yìn.

"Òótọ́ ló sọ," ó ní. Lẹ́yìn náà ó gbé ohùn sókè. "Ẹ kú ìsinmi o, Ọ̀gbẹ́ni Olúsànyà. Ẹ jẹ́ kí á ti ibí bá yín sọ̀rọ̀."

"Ẹ kú ìrìn, Ìnsípẹ́kítọ̀. Ẹ̀yin mọ òfin. Ọmọ yín yẹn ni kò mọ̀ ọ́n."

"Níbo ni Hezekiah ti lu àwọn gẹdú yìí?"

"Nínú igbó, lórí ilẹ̀, lójú mi kòròkòrò."

"Gbogbo wọn?"

"Kò ku ẹyọ kan."

"Ṣáájú ọjọ́ Ìsinmi tó ní òòlù sọnù?"

"Ṣáájú rẹ̀ dáadáa." Ó na abẹ̀bẹ̀ sí Hezekiah. "Ó mọ ohun tó gbà lọ́wọ́ mi."

"Irọ́ ni!" Hezekiah kígbe. "Ẹ bẹ̀rù Ọlọ́run, bàbá!"

Ọ̀gá mi kò wo ẹ̀yìn. "Báwo ni wọ́n ṣe dé inú omi?"

"Lọ́rì kó wọn wá sí ibi tí ẹ dúró sí yẹn. Àwọn ọmọ mi yí wọn lulẹ̀, wọ́n ń yí gbirigbiri wọ inú omi, èmi fúnra mi ni mo so wọ́n pọ̀. Mo ti ń so gẹdú lójú omi kí n tó hu irùngbọ̀n, mi ò sì tíì fi í lé ọmọ iṣẹ́ lọ́wọ́ dòní. Ọjọ́ Túsìdeè ni, lẹ́yìn ọjọ́ Ìsinmi yín yẹn. Ẹ bi gbogbo Ìbíadé."

Àwọn obìnrin tó ń yan ẹja mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

"Àmì yẹn ṣì tuntun!" mo pariwo. "Ẹ wò ó, ó funfun báláú! Igi tí wọ́n lù látọjọ́ yẹn ti yẹ kó dúdú!"

Olúsànyà rẹ́rìn-ín. "Omi ni kì í jẹ́ kí igi dúdú. Ẹ kọ́ ọmọ yín níṣẹ́, Ìnsípẹ́kítọ̀."

"Òótọ́ tún ni," ọ̀gá mi ní. Ojú tì mí. Mo sì tún bi ara mi pé ti ta gan-an ni ọkùnrin yìí ń ṣe.

Olúsànyà ti gbádùn ara rẹ̀ báyìí. "Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ fún yín. Òfin Ìbàdàn yẹn ló ba nǹkan jẹ́. Kánsù kéréje ò lè ṣọ́ igbó, ẹ ti rí i lójú ara yín. Kí Èkó gba igbó àti odò pọ̀ mọ́ra, ìwé àṣẹ kan ṣoṣo, ó parí."

"Ṣùgbọ́n Èkó jìnnà sí igbó."

"Ìyẹn ló dáa nínú ẹ̀!" Ó rẹ́rìn-ín títí ikùn rẹ̀ fi ń mì.

Ìgbà yẹn la gbọ́ fèrè láńṣì lókèèrè. Hezekiah bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà wúyẹ́wúyẹ́. Mo tẹ̀ sí etí ọ̀gá mi.

"Sà, mo bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ kí n lúwẹ̀ẹ́ dé ibẹ̀. Òòlù yẹn wà lórí igi yẹn, ara mi sọ fún mi. Kí wọ́n tó dé, mo ti rí i."

"Bó o bá wọ omi, ohun tó o bá rí níbẹ̀, olè ló rí i, kì í ṣe ọlọ́pàá. Adájọ́ á sọ ọ́ nù, Hezekiah á sì lọ." Ó lọ́ṣòó sí etí omi. "Ìjọba tí kò mọ ibi tí agbára òun pin sí, jàǹdùkú tó wọ aṣọ ìjọba ni."

"Ìwàásù lẹ wá ń ṣe!" Ó bọ́ lẹ́nu mi kí n tó mọ̀. Nínú mi lọ́hùn-ún, mo pè é ní ojo.

Ó ń wo ojú àwọn gẹdú náà, ó sì ti gbàgbé gààrí sí àtẹ́lẹwọ́.

"Láńre, kí lo rí lójú igi àkọ́kọ́ yẹn?"

"Ọ̀pẹ, sà."

"Báwo ló ṣe dúró?"

Mo rò pé orí rẹ̀ ti dàrú. "Bí ọ̀pẹ ṣe ń dúró. Imọ̀ rẹ̀ lókè, ìdí rẹ̀ nísàlẹ̀."

"Èkejì ńkọ́?"

"Bákan náà."

"Èyí tó wà lẹ́bàá rẹ̀?"

"Bákan náà ni gbogbo wọn, sà. Láńṣì ti ń bọ̀ o!"

Ó da gààrí ọwọ́ rẹ̀ padà sínú agolo, ó gbọn ọwọ́. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti àárọ̀, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Kò sọ ìdí rẹ̀ fún mi.

* * *

Ẹni tó jáde láti inú láńṣì ń jẹ́ Ìnsípẹ́kítọ̀ Oyèbọ̀dé, ọkùnrin gíga kan tí kò fẹ́ fi àkókò ṣòfò. Wọ́n na pákó kan láti inú láńṣì sí èbúté.

"Èwo ni ẹlẹ́wọ̀n náà? Ẹ mú un wá."

Mo di Hezekiah lápá mú. Ẹsẹ̀ rẹ̀ lásán ti kan pákó nígbà tí ọ̀gá mi sọ̀rọ̀.

"Ọ̀gá, omi yìí, tiyín ni. Mi ò ní àṣẹ kankan lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó gba ọmọ yìí lórí ilẹ̀ tiwa, ẹ jẹ́ kí n fi nǹkan kan hàn yín."

"Kó yá kíá."

Ọ̀gá mi mú agolo gààrí rẹ̀. Ó fi ẹnu kọ́kọ́rọ́ fa ọ̀pẹ kékeré kan sí ìdérí rẹ̀, ó gbé e dùbúlẹ̀ sórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ èbúté bí ẹni gbé gẹdú, ó sì ti ẹsẹ̀ tì í. Ó yí gbirigbiri, ó dúró. Ọ̀pẹ ti dorí kodò. Ó tún yí i. Lọ́tẹ̀ yìí ọ̀pẹ sùn sí ẹ̀gbẹ́. Àwọn obìnrin ẹja ti pé yí wa ká.

"Kí ni mo ń wò?" Oyèbọ̀dé béèrè.

"Ẹ wo ti Ọ̀gbẹ́ni Olúsànyà. Ó ní inú igbó ni wọ́n ti lu gẹdú rẹ̀. Lẹ́yìn náà wọ́n jù wọ́n sínú lọ́rì, wọ́n yí wọn lulẹ̀ síbí, wọ́n tún ń yí gbirigbiri wọ inú omi. Òun ló fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Ẹ wá bá mi wá ẹyọ ọ̀pẹ kan tó dorí kodò níbẹ̀."

Gbogbo wa kọjú sí omi. Háà! Mo rí i nígbà náà, ó sì yà mí lẹ́nu pé mo ti ń wò ó látàárọ̀. Gbogbo ọ̀pẹ dúró ṣánṣán, bí oko ọ̀pẹ tí wọ́n gbìn.

"Ọmọ tó ń ṣọ́ igbó, ibi tó bá bá igi ló ti ń lù ú, kò bìkítà apá ibi tí ọ̀pẹ kọ sí," ọ̀gá mi ní. "Ẹni tó bá lu ti ibí yìí, inú ọkọ̀ kékeré ló dúró sí, níwájú gẹdú tí wọ́n ti so tán, tí kò ní yí mọ́. Lẹ́yìn Túsìdeè ni. Hezekiah ti wà ní àtìmọ́lé wa láti Mọ́ńdè. Láńre ló ń gbé oúnjẹ wọlé fún un."

"Èèṣì ni!" Olúsànyà ti dìde lórí àga. "Bó ṣe wù ú ni igi ń yí!"

"Ó lè jẹ́ èèṣì," ọ̀gá mi dáhùn. "Ẹ ní gbogbo gẹdú ni wọ́n lù nínú igbó, kò ku ẹyọ kan. Ọ̀pẹ̀pẹ̀ wà nísàlẹ̀, omi bò ó. Bó bá jẹ́ inú igbó ni, ọ̀pẹ á wà lójú wọn náà. Bó bá jẹ́ ojú omi ni, ọwọ́ òòlù kò lè dé ibẹ̀. Ọ̀gá, èmi ò lè tú ìdì yẹn. Ẹ̀yin lè tú u."

Oyèbọ̀dé wo ojú omi, ó wo Olúsànyà. Ó nawọ́ sí àwọn ọmọ rẹ̀. "Ẹ gé okùn yẹn."

Wọ́n gé okùn, wọ́n fi ìwọ̀ láńṣì fa ọ̀pẹ̀pẹ̀ kan sókè. Bí ọ̀pẹ bá wà lójú igi yẹn, Hezekiah ti lọ. Ojú igi náà yọ, omi ń ṣàn kúrò lára rẹ̀. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Wọ́n fa òmíràn, kò sí. Hezekiah ṣubú lórí ìkúnlẹ̀ rẹ̀ létí omi, ó kígbe "Halelúyà" débi pé àwọn ẹyẹ òkun fò.

Ọ̀gá mi kò wo igi mọ́. Olúsànyà ló ń wò. "Ọ̀gá," ó ní, "ó ti yíjú wo orí àtíbàbà yẹn lẹ́ẹ̀mejì. Bó bá jẹ́ èmi ni, ibẹ̀ ni mo máa kọ́kọ́ wá."

Abẹ́ koríko orí àtíbàbà ni wọ́n ti fa òòlù kánsù jáde, nínú àpò ìdọ̀họ tó rin gbingbin.

Ìgbà tí wọ́n fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sí Olúsànyà lọ́wọ́ ni ojú rẹ̀ tó là. Èkó tó ti ń pè látọjọ́ yìí ti dé, òun ni Èkó sì fẹ́ gbé lọ, níbi tí kò ti mọ ẹnikẹ́ni. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ké.

"Ìnsípẹ́kítọ̀ Adéfọlá! Ọmọ Ìjẹ̀bú ni wá! Igi kánsù ni mo gé, ẹjọ́ kánsù ni! Ẹ wá mú mi! Ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n, kí ẹ gbà mí sí orí ilẹ̀!"

Ọ̀gá mi tẹ̀ síwájú títí dé ibi tí omi ti ń fọwọ́ kan iyanrìn, ó dúró níbẹ̀.

"Ẹ máa bínú, Ọ̀gbẹ́ni Olúsànyà," ó ní. "Orí omi lẹ ti lù ú. Ẹsẹ̀ wa kò gbọdọ̀ wọ omi."

Láńṣì fun fèrè, ó sì gbé e lọ.

Mo tú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ ọwọ́ Hezekiah. Mo bọ́ bàtà tèmi fún un, nítorí mi ò fẹ́ kí Hannah rí i pẹ̀lú ẹsẹ̀ lásán. Lẹ́yìn náà mo lọ bá ọ̀gá mi, tó ń gbá gààrí tó dà sílẹ̀ jọ sínú agolo.

"Sà, mo pè yín ní ojo nínú mi."

"Mo gbọ́ ọ," ó ní. "Lọ wa ọkọ̀. Àbúrò rẹ ń dúró."